Amadou Bamba àti Ìlú Touba: Ìtàn Ààfáà Tí Àwọn Faransé Lé Lọ sí Gabon

Nígbà tí wọ́n sin Momar Anta Saly tán ní ọdún 1883, àwọn àgbà tó wá síbi òkú fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Bàbá rẹ ni adájọ́ àti agbaninímọ̀ràn ọba Kajoor. Ọba náà, Lat Dior, kò ní lé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Dìde ká mú ọ lọ sí ààfin, kí o lọ gba ipò bàbá rẹ. Ẹni bí ọgbọ̀n ọdún ni ọmọ náà, kò sì lọ́rọ̀ kankan àfi kéú tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń retí ni pé kó dọ̀bálẹ̀, kó dúpẹ́, kó sì tẹ̀lé wọn. Amadou Bamba ní òun kò lọ. Ó ní ojú á ti òun láti gbé ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ọba ayé nítorí oúnjẹ. Àwọn àgbà náà wo ara wọn lójú. Àwọn kan rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà á lórí rú.

Ilẹ̀ àwọn Wolof, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Senegal lónìí, ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Mbacké ní ilẹ̀ Baol ni wọ́n ti bí Bamba ní nǹkan bí ọdún 1853. Ààfáà ni bàbá rẹ̀, inú ìdílé ààfáà sì ni ìyá rẹ̀, Mame Diarra Bousso, náà ti wá. Ayé ìgbà náà kò fara rọ. Àwọn ọba Wolof ń bá ara wọn jà, àwọn jagunjagun wọn ń kó tálákà lẹ́rú, àwọn Faransé sì ń ti etíkun yọ́ wọ àárín ilẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà ní Samba Sadio ní 1875, àwọn tó borí kó àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ṣẹ́gun lẹ́rú, àwọn ààfáà ààfin sì dájọ́ pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. Bàbá Bamba wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ọmọ náà, tí kò ju bí ẹni ọdún méjìlélógún lọ, kò gbà pẹ̀lú bàbá rẹ̀: ó ní Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ fi Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹrú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kíkọ̀ tó kọ ààfin ní 1883 ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí ohun tí oúnjẹ ọba máa ń sọ ẹnu ọlọ́gbọ́n dà.

Lat Dior fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ojú irin tí àwọn Faransé fẹ́ là láti Dakar dé Saint-Louis, tí yóò la àárín Kajoor kọjá, ló dá ìjà sílẹ̀. Ọba kọ̀ jálẹ̀, torí ó mọ̀ pé ibi tí rélùwéè bá gbà ni sójà máa gbà. Wọ́n là á tán ní 1885. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1886, wọ́n pa Lat Dior lójú ogun ní Dekhele, ìjọba Kajoor sì tú ká. Ẹrú tí kò ní olówó mọ́, jagunjagun tí kò ní ọ̀gá mọ́, àgbẹ̀ tí ogun ti lé kúrò lóko, gbogbo wọn ń wá ẹni tí wọ́n máa fara tì. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ààfin ni wọ́n yà sí.

Kì í ṣe pé ó fi ọ̀rọ̀ dídùn fà wọ́n mọ́ra. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá náà fi sílẹ̀ jọ, ó ní ẹni tó bá jẹ́ pé ìmọ̀ ìwé nìkan ló bá wá, kó lọ wá olùkọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ṣe tán kí wọ́n tún ìwà rẹ̀ kọ́ ni kó dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù, wọ́n lọ. Ìwọ̀nba tó dúró ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ tó di Mùríìdì, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Súfí tó lágbára jù lọ nílẹ̀ adúláwọ̀ lónìí. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn kò ṣòro láti sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Ẹni tí orí rẹ̀ gba kéú, ó kọ́ ọ ní kéú. Ẹni tí orí rẹ̀ kò gbà á, ó fún un lọ́kọ́: kó roko, kó gbẹ́ kànga, kó ṣẹ́ igi ìdáná, kó má sì fi ẹnu sinmi nínú ìrántí Ọlọ́run. Iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe láìwo èrè, ìjọsìn ni. Ẹrú àná tí kò mọ álífù yàtọ̀ sí igi tá a gbé kalẹ̀ náà wá ní ọ̀nà tó lè gbà sún mọ́ Ọlọ́run, láìgba ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́lá kankan.

Ẹni tó gbé ẹ̀kọ́ yìí dé góńgó ni Ibra Fall. Ìdílé jagunjagun Kajoor ni wọ́n bí i sí, ó sì wá bá Bamba ní nǹkan bí ọdún 1886, ó fi ara rẹ̀ jìn ín pátápátá. Ìtẹríba rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọléèwé kéú tó bá níbẹ̀ fi ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kì í kírun bí àwọn yòókù, kì í sì gbààwẹ̀; iṣẹ́ ni tirẹ̀, tọ̀sán tòru. Mo mọ̀ pé ààfáà tó bá ka èyí ní Ìlọrin tàbí ní Ìbàdàn á ti máa tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run ní ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ ààfáà ní Senegal náà kò sì fọwọ́ sí i títí dòní. Ṣùgbọ́n Bamba kò lé e. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ibra Fall, tí wọ́n ń pè ní Baye Fall, wà káàkiri Senegal: irun dídì lórí wọn, aṣọ alábulẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi lọ́rùn wọn, ìgbànú awọ fífẹ̀ nídìí wọn, igbá lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń tọrọ owó fún ọ̀gá wọn láàárín ìgboro. Ibra Fall fúnra rẹ̀ kò sì kú ní tálákà. Ó dáko, ó ṣòwò, ó nílé ní ìlú ńlá, òun náà ló sì ń wá owó tí ilé ọ̀gá rẹ̀ fi ń lọ nígbà tí nǹkan le.

Ní 1887, Bamba kúrò láàárín èèyàn, ó wọ inú igbó gbígbẹ kan tí kò jìnnà sí Mbacké. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ pé abẹ́ igi ńlá kan ló ti rí àmì tó ń wá, tó fi dúró síbẹ̀. Ó sọ ibẹ̀ ní Touba. Omi kò sí níbẹ̀, ọ̀nà kò débẹ̀, iyanrìn àti igi ẹlẹ́gùn-ún nìkan ló wà. Kò pẹ́ lọ títí tí èrò fi ń wọ́ wá.

Èrò yẹn ló dẹ́rù ba àwọn Faransé. Wọ́n ti rí ààfáà tó kó èèyàn jọ rí, ogun ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ti Bamba rú wọn lójú: kò ní ìbọn, kò ní ẹṣin ogun, kò sọ ọ̀rọ̀ jíhàdì fún ẹnikẹ́ni àfi ogun tí èèyàn ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà. Síbẹ̀, àwọn ìjòyè tí ìjọba Faransé yàn ń kígbe pé àwọn ará ìlú kò gbọ́ tàwọn mọ́, Bamba ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1895, wọ́n rán sójà lọ mú un. Ó jáde sí wọn, kò bá wọn jà. Wọ́n mú un dé Saint-Louis, níwájú ìgbìmọ̀ gómìnà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Ìròyìn tí ọ̀gá àgbà wọn kan, Martial Merlin, gbé síwájú ìgbìmọ̀ náà yẹ ní kíkà dáadáa, torí kò sí ẹ̀sùn gidi kan nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i kó wàásù ogun. Ìwà rẹ̀ àti ti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ní ó fu àwọn lára. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí Gabon.

Àwọn Mùríìdì sọ pé kí ìgbìmọ̀ náà tó sọ̀rọ̀, Bamba dìde nínú yàrá gómìnà níbẹ̀, ó kọjú sí Kíbùlà, ó kírun ràkáà méjì, ó wá padà jókòó. Ràkáà méjì yẹn ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọdún lónìí: ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, èrò máa ń kún ojúde ilé gómìnà àtijọ́ ní Saint-Louis, wọ́n á kírun ní ibi tí wọ́n ti dájọ́ fún un.

Lílé ọba àti aṣáájú lọ sí ilẹ̀ òkèèrè wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó láyé ìgbà náà. Béhanzin ti Dahomey ti wà ní Martinique láti 1894. Ovonramwen ti Benin máa tó dé Calabar ní 1897. Samori Touré náà máa tó bá ọ̀nà Gabon lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1900. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ẹni tí ojú kò bá rí mọ́, ọkàn á gbàgbé rẹ̀. Ti Bamba kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ìtàn tí ọmọdé àtàgbà mọ̀ jù ní Senegal nípa ìrìn-àjò yẹn ni ti orí omi. Wọ́n ní nígbà tí àkókò ìrun tó, àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ kò jẹ́ kó kírun lórí ọkọ̀. Bamba ju awọ àgùntàn tó fi ń kírun sójú òkun, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀, ó kírun tán, ó padà sókè, iyanrìn sì wà níwájú orí rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Senegal tí wọ́n ń kun ẹ̀yìn gíláàsì ti ya àwòrán yìí láìmọye ìgbà, ó sì kọ́ sára ògiri ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọkọ̀ òkun ńlá wà lápá kan, èéfín ń rú lórí rẹ̀, àwọn òyìnbó onífìlà yẹ̀rẹ̀ sára irin ọkọ̀, ẹnu wọn là sílẹ̀. Lápá kejì, ọkùnrin aláṣọ funfun kan foríkanlẹ̀ lórí awọ kékeré, ẹja ń yọjú láti inú omi láti wò ó. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bóyá ó ṣẹlẹ̀. Ẹ sáà wo ojú àwọn òyìnbó inú àwòrán náà: ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún gbogbo ayé, ayàwòrán ti sọ wọ́n di òǹwòran.

Ọdún méje ló lò ní Gabon, ní Mayumba létíkun àti Lambaréné nínú igbó. Ibà àti òtútù bá a jà. Ó ń kọ ewì lédè Lárúbáwá ní ìyìn Ànábì, ó ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, àwọn ewì yẹn sì ni àwọn Mùríìdì ń fi ohùn gbígbóná kà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá wà láyé. Nílé, àbúrò rẹ̀ Mame Thierno Birahim di ìdílé mú, Ibra Fall ń wá owó, ẹgbẹ́ náà sì ń gbèrú sí i ni. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí Dakar ní oṣù kọkànlá ọdún 1902, èrò tó wá pàdé rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ. Ẹ̀rù tún ba ìjọba. Kí 1903 tó parí wọ́n ti tún gbé e lọ sí Mauritania, ó di 1907 kí wọ́n tó jẹ́ kó padà, wọ́n fi í sí Thiéyène ní Jolof lábẹ́ ìṣọ́, wọ́n wá mú un wá sí Diourbel ní 1912. Ó ń wo ọ̀nà Touba lọ́ọ̀ọ́kán, kò lómìnira láti lọ máa gbé níbẹ̀.

Àmọ́ ohun kan ti ń yí padà lójú àwọn Faransé, kì í sì í ṣe ọkàn wọn; ẹ̀pà ni. Owó ẹ̀pà ni Senegal fi ń jẹun, rélùwéè ti dé Diourbel, kò sì sí ẹni tó ń la igbó tuntun fún ẹ̀pà tó àwọn Mùríìdì. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́kùnrin á wọ aginjù, wọ́n á gbẹ́ kànga, wọ́n á fi ọdún bíi mélòó kan dáko fún ṣéù wọn láìgba kọ́bọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó gba ilẹ̀ tara wọn kí wọ́n sì níyàwó. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ̀wé ìfura nípa Bamba láàárọ̀ lè jókòó lọ́sàn-án kó máa ṣírò iye tọ́ọ̀nù tí oko rẹ̀ máa mú wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Bamba ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wọṣẹ́ ológun Faransé, ní 1919 wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Légion d'honneur. Àwọn Mùríìdì ní kò fi sára rí.

Fọ́tò kan péré ló wà tí gbogbo ayé mọ̀ pé Bamba ni. Ní Diourbel ni wọ́n ti yà á, ní 1913. Ó dúró síwájú ògiri pátákó, oòrùn gangan sì ń kàn án lójú. Aṣọ funfun ńlá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, apá aṣọ náà gùn tí kò sẹ́ni tó lè rí ọwọ́ rẹ̀. Láwàní wé mọ́ orí rẹ̀, etí rẹ̀ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn nínú òjìji, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti rì sínú òjìji débi pé ẹni tó bá wò ó á rò pé ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ìwé ìjọba nípa Ìsìláàmù ní Senegal, tí Paul Marty ṣe, ló gbé e jáde lọ́dún 1917. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ọ ni wọ́n fẹ́ kó wúlò fún. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwòrán yẹn wà lára ògiri Dakar, lára ọkọ̀ èrò, lójú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti onífóònù, lọ́rùn àwọn Baye Fall nínú awọ. Fáìlì ọlọ́pàá ti di ohun ìbùkún.

Ó kú ní Diourbel ní oṣù keje ọdún 1927, wọ́n sì gbé e lọ sí Touba níkẹyìn, wọ́n sin ín síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ àgbà, Mamadou Moustapha, di kálífà kìíní. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba láti kọ́ mọ́sálááṣí tí bàbá rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn fọwọ́ ara wọn ṣe ojú irin láti Diourbel dé Touba kí ọkọ̀ lè máa kó òkúta wá. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1932, ogun Hitler dá a dúró, owó dá a dúró, Moustapha kú ní 1945, àbúrò rẹ̀ Falilou tẹ̀síwájú. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí i, Ààrẹ Léopold Sédar Senghor, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, sì jókòó síbẹ̀. Ilé gogoro tó ga jù nínú rẹ̀, mítà 87, Lamp Fall ni orúkọ rẹ̀: orúkọ Ibra Fall ló ń jẹ́, ọkùnrin tí wọ́n ní kì í kírun.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ìlú Kaolack ní Senegal là ń mọ̀ ju Touba lọ, nítorí Ṣéù Ibrahim Niasse àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Súfí Tìjáníyà rẹ̀ tí wọ́n pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n Touba ti di ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Senegal lẹ́yìn Dakar. Kálífà ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Kò sí ilé ọtí. Láti 1980 ni kálífà kẹta, Abdoul Ahad, ti fòfin de ọtí àti sìgá.

Ọjọ́ 18 oṣù Sáfárì, ọjọ́ tí Bamba gbéra lọ sí ìgbèkùn, ni ọdún ńlá wọn, tí wọ́n ń pè ní Magal. Ẹ gbọ́ o: ọjọ́ tí wọ́n mú un lọ ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ọjọ́ tó dé. Bamba gbà pé nínú ìyà yẹn ni Ọlọ́run ti fún òun ní ohun tí òun ń tọrọ, ó sì ní kí ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn sí oore tí òun rí bá òun dúpẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lóòótọ́. Èrò tó lé ní mílíọ̀nù kan ń ya wọ ìlú, ilé kò sì ní ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Àjèjì á wọlé, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un, wọ́n á gbé ìrẹsì àti ẹran ka iwájú rẹ̀, wọn kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Màlúù tí wọ́n ń pa kò lóǹkà, ràkúnmí pẹ̀lú. Ohun mímu ibẹ̀ ni kọfí Touba, tí wọ́n ní Bamba ló mú un wọ̀lú. Wọ́n á yan kọfí náà pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀rù kan náà tí àwọn ìyá wa ń fi se ọbẹ̀ fún abiyamọ, wọ́n á gún un, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da ṣúgà sí i dáadáa, wọ́n á máa dà á láti inú ife kan sí èkejì lókè réré títí yóò fi hó. Ó máa ń ta ni lọ́fun kó tó dùn lẹ́nu.

Nígbà tí ọ̀dá ọdún 1970 sókè ba oko ẹ̀pà jẹ́, àwọn Mùríìdì gbé ìwà oko lọ sí ọjà. Wọ́n gba ọjà Sandaga ní Dakar, wọ́n gba ibẹ̀ dé Paris, dé Ítálì, dé New York, wọ́n ń ta aago, ìgbànú àti agboòrùn lójú títì. Òpópónà 116 ní Harlem kún fún wọn, ní ọjọ́ 28 oṣù keje lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń fi aṣọ ńláńlá wọ́de níbẹ̀ ní orúkọ Bamba. Ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n ń pè ní dahira wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan: wọ́n ń dáwó, wọ́n ń gba àlejò tuntun sílé, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfúrufú gbé òkú ẹni wọn padà lọ sin ní Touba. Owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Matlaboul Fawzaini, ló kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Touba.

Níbi tí owó àti èèyàn bá pọ̀ tó báyìí, òṣèlú kò ní jìnnà. Ní 1988, kálífà Abdoul Ahad pàṣẹ kí àwọn Mùríìdì dìbò fún Ààrẹ Abdou Diouf, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùríìdì ni Abdoulaye Wade tó ń bá a du ipò. Nígbà tí Wade wá borí ní 2000, Touba ló kọ́kọ́ sáré lọ, ó tẹrí ba níwájú kálífà Saliou, àwọn kan láàárín ìlú sì bínú pé ààrẹ gbogbo èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí á má fi bò: àwọn ọmọ ẹni tó kọ ipò lọ́wọ́ ọba ti ń fi ọba jẹ.

Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti ayé Bamba ni oko àwọn Mùríìdì ti ń wọ inú ilẹ̀ ìjẹko àwọn Fúlàní, ẹ̀pà sì máa ń gba agbára ilẹ̀ títí yóò fi di iyanrìn, tí wọ́n á tún sún síwájú. Ní 1991, ìjọba Diouf yọ hẹ́kítà 45,000 nínú igbó ọba Mbégué, tó jẹ́ ibi ìjẹko, wọ́n fún kálífà Saliou. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ fi àáké àti ọkọ́ wọ ibẹ̀ láìgbowó, wọ́n ń kọrin orúkọ Ọlọ́run, wọ́n sì gé igi ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Khelcom ni wọ́n sọ oko náà. Fún àwọn tó ń gé igi, ìjọsìn ni. Àwọn darandaran tí wọ́n ti ń sin màlúù níbẹ̀ kó agbo wọn, wọ́n wá ibòmíràn gbà, Mùsùlùmí sì ni àwọn náà.